Orí Kẹrin: Yanrìn Kì Í Jókòó Sójú Kan

Bàbá tó fi ọkọ̀ gbé mi kọjá ọ̀sà ní Àgbádárìgì kò bi mí ní ohun tí mo fẹ́ fi ṣọ́bìrì ṣe. Ó wo ṣọ́bìrì, ó wò mí, ó gba owó rẹ̀. Ìgbà tí a dé etí òkun, tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́lẹ̀, ló tó wá béèrè bóyá wọ́n ní kí n wá ri nǹkan mọ́bẹ̀ ni. Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní kíkà ni mo fẹ́ kà á. Ó mirí, ó lọ jókòó sábẹ́ igi àgbọn. Ṣùgbọ́n nígbà tí ihò náà jìn dé itan, tí mo fi ojú àdá fá ògiri rẹ̀ kan títí tó fi dán bí búrẹ́dì tí wọ́n fi ọ̀bẹ gé, ó dìde, ó bẹ̀rẹ̀ létí ihò, ó sì nàka sí ìlà dúdú kan tó sùn gbalaja láàárín yanrìn funfun.

"Ọ̀gá, òkun ti kó ibí yìí lọ rí."

Ìlà náà nípọn tó àtàǹpàkò, ó dúdú bí ẹ̀tù ìbọn. Yanrìn tó wà lórí rẹ̀ ga tó ìdajì mítà, ó funfun, ó sì pọ́n díẹ̀ bíi gààrí tí epo rẹ̀ ò dé kánú.

"Báwo lẹ ṣe mọ̀, Bàbá?"

"Ìgbà òjò ni. Omi á le, á máa kó ilẹ̀. Tó bá kó o tán, dúdú yẹn ló máa ń ṣẹ́ kù. Tí ọyẹ́ bá dé, á tún dá funfun padà lé e lórí."

Mo ti ka ìwé lórí ọ̀rọ̀ yìí kí n tó gbẹ́ ihò, kò sì sí èyí tó sọ ọ́ ní kúkúrú tó báyìí. Iṣẹ́ tó kù fún mi nínú orí yìí ni kí n ṣàlàyé ìdí tí ọ̀rọ̀ bàbá fi rí bẹ́ẹ̀, kí n sì tẹ̀ lé yanrìn náà láti Àgbádárìgì lọ sí ìlà-oòrùn, títí dé ibi tí ọ̀rọ̀ bàbá kò ti ṣẹ mọ́.

Àtẹ tí òkun fi ń fẹ́ yanrìn

Mo bu ẹ̀kúnwọ́ kan nínú dúdú náà sórí ìwé funfun, mo jẹ́ kí oòrùn gbẹ ẹ́. Mo mú òòfà tí mo yọ lára sípíkà rédíò kan tó ti kú, mo rọra gbé e sún mọ́ ọn. Òòfà ò tíì kan ìwé tí àwọn horo kan ti fò bá a, wọ́n dúró ṣánṣán lára rẹ̀ bí irun ẹlẹ́dẹ̀. Magnetite nìyẹn, irin tó wà nínú òkúta. Lára àwọn dúdú tí kò fò, ilmenite ló pọ̀ jù. Nígbà tí mo gbé awò tó ń sọ kékeré di ńlá lé ìyókù, mo rí garnet, tí àwọ̀ rẹ̀ dà bíi sóbò tí wọ́n bu omi là, mo sì rí zircon, wẹ́wẹ́ bí ojú abẹ́rẹ́, tó ń kọ mọ̀nà.

Gbogbo àwọn wọ̀nyí wúwo. Quartz, tí í ṣe funfun tó kún etíkun wa, fi ìlọ́po 2.65 wúwo ju omi lọ. Garnet ń lọ sí 4, ilmenite àti zircon kọjá 4.5, magnetite sì dé 5.2. Ìyàtọ̀ yìí ni òkun ń lò.

Ẹni tó bá ti wo ìyá tó ń fẹ́ ẹ̀wà lórí àtẹ ti rí iṣẹ́ náà ní kékeré. Ìgbì máa ń fi agbára gun etíkun, ó ń ru gbogbo horo lọ́wọ́ kan náà, àti funfun àti dúdú. Tó bá gun òkè débi tí agbára rẹ̀ mọ, á dá dúró díẹ̀, àwọn tó wúwo á sì balẹ̀. Omi tó ń padà wálẹ̀ kò lágbára tó èyí tó gòkè, nítorí pé yanrìn ti mu apá kan rẹ̀. Ó lè fa quartz lọ́wọ́ padà. Magnetite kò ṣeé fà fún un. Kò sì tán síbẹ̀. Horo dúdú máa ń kéré ju horo funfun tó wà nítòsí rẹ̀ lọ, nítorí pé kékeré tó wúwo àti ńlá tó fúyẹ́ jọ ń balẹ̀ lásìkò kan náà. Bí kékeré bá ti balẹ̀, á há sáàárín ẹsẹ̀ àwọn ńlá, omi á sì máa gba orí rẹ̀ kọjá láìrí i mú.

Nítorí náà, ìlà dúdú kì í ṣe ohun tí òkun kó wá. Àṣẹ́kù ni. Kí dúdú tó nípọn tó àtàǹpàkò, yanrìn funfun tó pọ̀ gan-an gbọ́dọ̀ ti kúrò lórí rẹ̀, bí ìgbà tí wọ́n fẹ́ odidi àpò ẹ̀wà tí òkúta inú rẹ̀ kò ju ìkúnwọ́ kan lọ. Bàbá kò mọ orúkọ ilmenite, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé àkọsílẹ̀ òfò ni òun ń wò.

Ohun tó sọ nípa ìgbà òjò náà rí bẹ́ẹ̀. Ìgbì tó ń lu etíkun wa kì í ṣe ọmọ ìjì tiwa. Láàárín oṣù kẹfà sí ìkẹsàn-án, ìgbà òtútù ni ní ìsàlẹ̀ Òkun Àtìláńtíìkì lọ́hùn-ún, níhà gúúsù ayé, ìjì líle sì máa ń jà níbẹ̀. Ìgbì tí wọ́n bá rú sókè á rin ẹgbẹẹgbẹ̀rún kìlómítà kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ìdí nìyẹn tí òkun fi lè máa bínú ní ọjọ́ tí ewé àgbọn kan kò mì. Tó bá di ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, ìgbì á rọlẹ̀, á wá máa ti yanrìn tó ti kó pamọ́ sábẹ́ omi padà sókè díẹ̀díẹ̀.

Díẹ̀díẹ̀ yìí ṣeé kà. Lókè ìlà dúdú, yanrìn funfun náà tò ní ìpele tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ tó dà gẹ̀rẹ́ sí apá òkun. Láàárín ibi tí àtẹ́lẹwọ́ mi bò, mo ka ìpele mẹ́tàlélógún kí ojú mi tó dàrú. Ẹ jẹ́ ká mú ẹyọ kan nínú wọn ká wò ó pẹ̀lú awò. Horo kéékèèké wà nísàlẹ̀, ńláńlá wà lókè. Òdì kejì ohun tí a óò retí ni, torí a ti mọ̀ pé ohun tó tóbi ló ń kọ́kọ́ rì. Ṣùgbọ́n yanrìn abẹ́ omi tó ń sá padà kì í rì. Ńṣe ló ń yí lu ara rẹ̀ bí ìgbà tí èèyàn ń mi abọ́ gààrí tó bu ẹ̀pà sí. Ẹ mì í dáadáa, kí ẹ wo ibi tí ẹ̀pà wà. Gààrí ti gba àárín wọn sọ̀kalẹ̀, ẹ̀pà ti gòkè. Bí ẹ bá rí irú ìpele bẹ́ẹ̀ nínú àpáta tó ti wà láti mílíọ̀nù ọdún, kódà kí ibẹ̀ jìnnà sí òkun tó ọjọ́ méjì ìrìn, ẹ ti mọ̀ pé ìgbì ti gun ibẹ̀ rí.

Ìwọ̀n horo

Gbogbo ẹni tó bá ti kọ́lé rí mọ̀ pé yanrìn ju oríṣi kan lọ. Bíríkìlà kò ní gbà kí ẹ já plaster sand síbi tó ti bèèrè sharp sand. Àwọn onímọ̀ náà ní tiwọn. Láti ọdún 1922 tí Chester Wentworth ará Amẹ́ríkà ti gbé ìwọ̀n kan kalẹ̀ ni wọ́n ti ń lò ó. Ohunkóhun tó bá wà láàárín 0.0625 mìlímítà sí mìlímítà 2 ni yanrìn. Èyí tó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, òkúta wẹ́wẹ́ ni. Èyí tó bá kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹrẹ̀ ni, títí tí yóò fi dé amọ̀, tí horo rẹ̀ kò tó 0.004 mìlímítà, tí ojú lásán kò lè rí.

Ìwọ̀n nìkan kọ́ ló ń sọ̀rọ̀, bí àwọn horo bá ṣe bára dọ́gba sí tún ń sọ̀rọ̀. Mo bu yanrìn Odò Ògùn lọ́wọ́ àwọn tó ń wa yanrìn, mo bu ti Àgbádárìgì sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo sì fi asẹ́ mẹ́ta tí ojú wọn kò dọ́gba sẹ́ méjèèjì. Ti Odò Ògùn pín sórí asẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, díẹ̀ lókè, díẹ̀ láàárín, ẹrẹ̀ nísàlẹ̀. Ti Àgbádárìgì fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró sórí asẹ́ kan ṣoṣo tán. Odò dà bí ẹni tó ru ẹrù wúwo tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yẹ̀: bí omi rẹ̀ bá ti fà lẹ́yìn òjò, gbogbo ohun tó rù ló ń jù sílẹ̀ pọ̀. Òkun kì í kánjú. Bí ìgbì kan bá ń wá láàárín ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá mẹ́wàá, ó lé ní 8,000 ìgbà tí ó ń fẹ́ yanrìn kan náà lójúmọ́. Èyí tó bá kéré jù á bá omi lọ sí ibú, èyí tó bá tóbi jù á dúró sí ibi tí ìgbì ti ń fọ́, èyí tó bá omi yẹn mu nìkan ló máa dúró létí omi. Ẹ bá mi bu díẹ̀ sí i lókè, lẹ́bàá ìdí àgbọn, níbi tí ìgbì kò dé. Ìyẹn tún kéré, ó tún dọ́gba jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé afẹ́fẹ́ ló gbé e, afẹ́fẹ́ kò sì lágbára láti gbé horo ńlá.

Ìwọ̀n horo yìí náà ló ń pinnu bí etíkun yóò ṣe dà sí. Yanrìn ńlá ń mu omi, nítorí náà omi tó ń padà kò lágbára láti fa yanrìn wálẹ̀, etíkun á sì ga bí òrùlé. Yanrìn kékeré kì í mu omi bẹ́ẹ̀, etíkun rẹ̀ á tẹ́jú, á le, bọ́ọ̀lù á dùn ún gbá lórí rẹ̀. Púpọ̀ nínú etíkun wa láti Àgbádárìgì dé Lẹ́kí jẹ́ ti àkọ́kọ́. Ibẹ̀ dà, omi jìn lójijì, ìgbì kì í fọ́ lókèèrè; ẹsẹ̀ èèyàn gan-an ló ń wó lé, tó bá sì ń padà á gbá a lẹ́sẹ̀. Ọmọ tó mọ̀ ọ́n wẹ̀ nínú ọ̀sà á rò pé òkun náà bákan náà ni. Bí mo bá ń mú àwọn ọmọ lọ sí òkun, mo máa ń wo yanrìn kí n tó wo omi.

Ẹni tó ru yanrìn wá

Yanrìn lè sọ ibi tó ti wá. Láti oṣù kọkànlá ọdún 1944, nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn ará Japan fi bàlúùnù bébà tó ru bọ́ǹbù ránṣẹ́ sí Amẹ́ríkà. Ó lé ní 9,000 tí wọ́n jù sí afẹ́fẹ́ líle tó ń fẹ́ lókè réré lórí Òkun Pàsífíìkì. Àpò yanrìn ni wọ́n so mọ́ bàlúùnù kí ó lè máa dín ìwúwo rẹ̀ kù bí ó ti ń lọ. Àwọn ará Amẹ́ríkà kò kọ́kọ́ gbà pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lè ti òdì kejì òkun wá. Wọ́n kó yanrìn inú àpò náà fún àwọn onímọ̀ ilẹ̀ ti U.S. Geological Survey. Àwọn yẹn gbé e sábẹ́ awò. Wọn kò rí iyùn inú òkun nínú rẹ̀, nítorí náà kò wá láti etíkun olómi gbígbóná. Wọ́n rí ìkarahun àwọn ẹ̀dá tín-tìn-tín inú omi, wọ́n ka àwọn horo tó wúwo, wọ́n wo bí wọ́n ṣe pọ̀ sí ara wọn, wọ́n sì wá ka ìwé tí àwọn ará Japan fúnra wọn ti kọ nípa etíkun wọn ṣáájú ogun. Wọ́n nàka sí ìlà-oòrùn erékùṣù Honshu, títí kan etíkun kan nítòsí Ichinomiya. Lóòótọ́, wọ́n ń ju bàlúùnù ní Ichinomiya.

Mo máa ń rántí wọn tí mo bá ń wo yanrìn tiwa. Quartz wa jáde láti inú irú àpáta tó wà ní Olúmọ àti Ìdánrè. Nínú irú àpáta bẹ́ẹ̀, quartz kì í dá wà. Feldspar wà pẹ̀lú rẹ̀, ó tilẹ̀ sábà máa ń pọ̀ jù ú lọ. Ṣùgbọ́n oòrùn àti òjò ilẹ̀ olóoru máa ń jẹ feldspar, ó ń sọ ọ́ di amọ̀. Quartz kì í jẹrà. Nítorí náà, bí feldspar bá ṣe dín kù tó nínú ẹ̀kúnwọ́ yanrìn la ṣe mọ̀ pé ó ti pẹ́ lójú ọ̀nà tó. Nínú ti Àgbádárìgì, mo wá feldspar títí ojú fi ń ro mí.

Ojú ọ̀nà wo? Èèyàn lè rò pé Odò Ògùn àti Odò Ọ̀ṣun ni wọ́n ń kó yanrìn wá bá òkun. Rárá o. Ọ̀sà ló ń dá wọn dúró. Ògùn wọ inú ọ̀sà Èkó, Ọ̀ṣun wọ inú ọ̀sà Lẹ́kí, ibẹ̀ sì ni wọ́n ń sọ púpọ̀ nínú ẹrù wọn sílẹ̀ sí. Ìdí nìyẹn tí ọkọ̀ àwọn awayanrìn fi kún inú ọ̀sà. Yanrìn etí òkun láti ìwọ̀-oòrùn ló ti wá, láti ẹ̀gbẹ́ Tógò àti Bẹ̀nẹ̀, títí lọ dé ẹnu Odò Volta ní Gánà. Ìgbì láti gúúsù ìwọ̀-oòrùn ló ń dé sí wa, etíkun wa sì kọjú sí gúúsù gan-an, nítorí náà ìgbì máa ń fi ẹ̀gbẹ́ gun òkè, á sì padà sílẹ̀ tààrà. Horo kan á gòkè sí ìlà-oòrùn díẹ̀, á sọ̀kalẹ̀, á tún gòkè sí ìlà-oòrùn díẹ̀. Ẹ ṣe é ní ìgbà 8,000 lójúmọ́. Ìṣirò àwọn onímọ̀ kò dọ́gba lórí iye tó ń kọjá báyìí lọ́dún ní etíkun Bẹ̀nẹ̀ sí Èkó, ṣùgbọ́n láti nǹkan bí ìdajì mílíọ̀nù sí mílíọ̀nù kan kúbíìkì mítà ni wọ́n sábà ń dá. Bí típà kan bá gba kúbíìkì mítà 10, iye tó kéré jù yẹn tó 50,000 típà, ó ń lọ sí 140 lójúmọ́, lọ́sàn-án àti lóru, kò sí dírẹ́bà, kò sí ẹni tó ń gbowó.

Kò pọn dandan kí ẹ gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́. Ẹ wá gẹdú tí omi gbé sílẹ̀, tó dábùú etíkun. Yanrìn á ti gùn ún níhà ìwọ̀-oòrùn, ìlà-oòrùn rẹ̀ á sì ti jin kòtò.

Gẹdú ńlá tó wà lẹ́nu Èkó

Ẹnu omi Èkó ti bá àwọn atukọ̀ jà tipẹ́ nítorí òkìtì yanrìn tó wà lábẹ́ rẹ̀. Òkìtì yẹn ni àwọn Òyìnbó ń pè ní bar, ibẹ̀ ni Bar Beach ti rí orúkọ rẹ̀. Láti 1908 sí 1912, ìjọba amúnisìn na ògiri òkúta sínú òkun ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ẹnu omi náà kí ọkọ̀ ńlá lè wọlé. Ó ṣe é fún wọn. Èbútékọ̀ dára. Ṣùgbọ́n gẹdú tí kì í jẹrà ni wọ́n fi dábùú ọ̀nà yanrìn.

Yanrìn tó ń bọ̀ láti Àgbádárìgì bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó sí ìwọ̀-oòrùn ògiri, ní Lighthouse Beach, ilẹ̀ ibẹ̀ sì ń fẹ̀. Ní ìlà-oòrùn, ìgbì kò mọ̀ pé wọ́n ti mọ ògiri. Ó ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ, ó ń gbé yanrìn Victoria Island lọ síwájú, kò sì sí èyí tó ń bọ̀ wá rọ́pò. Lẹ́bàá ògiri, etíkun náà padà sẹ́yìn ju kìlómítà 1 lọ láàárín ọ̀rúndún ogún. Bar Beach tí àwọn òbí wa gbafẹ́ lọ́jọ́ Kérésìmesì, tí àwọn aláṣọ funfun ń gbàdúrà létí rẹ̀, ni mò ń sọ. Wọ́n da yanrìn sí i ní 1974 sí 1975, tó ń lọ sí mílíọ̀nù 3 kúbíìkì mítà, òkun kó o. Wọ́n tún da òmíràn ní àwọn ọdún 1980, òkun kó o. Àwọn kan ń sọ pé owó náà ni wọ́n kó jẹ. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n kó díẹ̀ jẹ, n kò sí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kódà kí wọ́n má kó kọ́bọ̀, òkun yóò kó yanrìn náà, nítorí pé ìrìn ni iṣẹ́ rẹ̀. Lónìí, ìlú Eko Atlantic ló jókòó lórí yanrìn tí wọ́n fà láti ìsàlẹ̀ òkun, pẹ̀lú ògiri kọnkéré níwájú rẹ̀. Ẹ bá mi lọ sí ìlà-oòrùn rẹ̀, sí Òkun Alfa, kí ẹ wo ibi tí ilé ti wó sínú omi, kí ẹ sì rántí gẹdú.

Àwọn ará Tógò àti Bẹ̀nẹ̀ mọ ìtàn yìí bí a ti mọ̀ ọ́n. Ní àwọn ọdún 1960 ni wọ́n kọ́ èbúté Lomé àti ti Kùtọnu, ọdún 1965 sì ni ìdídò Akosombo parí ní Gánà, tó bẹ̀rẹ̀ sí í mú yanrìn Volta sílé. Lẹ́yìn náà, etíkun Tógò láti Kpémé dé Aného bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ. Ohun kan jáde níbẹ̀ tí mo fẹ́ràn láti máa wò. Lábẹ́ yanrìn etíkun olóoru, ní ibi tí omi ti ń gòkè tó sì ń sọ̀kalẹ̀, ẹfun inú omi lè so horo yanrìn pọ̀ títí tí yóò fi le bíi kọnkéré. Inú ilẹ̀ ló ti ń ṣe bẹ́ẹ̀, ojú kì í rí i. Nígbà tí òkun kó yanrìn orí rẹ̀ lọ ní Tógò, òkúta náà yọ gọngọ, ó tò lọ bí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé tó ti wó. Ní ibòmíràn ó ti wà nínú omi báyìí, tí ìgbì ń fọ́ lé e lórí. Ẹni tó bá dúró sórí ilẹ̀ tó wò ó ń wo ibi tí etíkun wà tẹ́lẹ̀.

Abẹ́ ilé wa

Ní nǹkan bí 20,000 ọdún sẹ́yìn, yìnyín gbé omi púpọ̀ mì ní òkè àríwá ayé, òkun sì lọ sílẹ̀ ju ti òní lọ ní nǹkan bí 120 mítà. Ibi tí àwọn apẹja ń ju àwọ̀n sí lónìí, ilẹ̀ gbígbẹ ni. Nígbà tí yìnyín yọ́, omi gòkè padà, ó sì sún mọ́ ibi tó wà báyìí ní nǹkan bí 6,000 ọdún sẹ́yìn. Láti ìgbà yẹn ni yanrìn tó ń rìn ti ń kọ́ ilẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà láàárín ọ̀sà àti òkun. Bí ẹ bá wo Àgbádárìgì láti òkè, ẹ óò rí i pé ilẹ̀ náà tò ní poro poro, bí oko tí wọ́n kọ ebè sí. Poro kọ̀ọ̀kan jẹ́ etíkun ìgbà kan. Igi àgbọn dúró lórí rẹ̀, omi sì dúró nínú kòtò tó wà láàárín méjì.

Àwọn tó ń gbẹ́ kànga ìgbàlódé ní Lẹ́kí mọ èyí láìwo òkè. Wọ́n á gba yanrìn kọjá, wọ́n á bọ́ sínú ẹrẹ̀ dúdú tó ń rùn bí ẹyin tó bàjẹ́, pẹ̀lú ewé àti igi tó ti jẹrà, wọ́n á tún kan yanrìn. Johannes Walther ará Jámánì ló fi ìdí ọ̀rọ̀ náà múlẹ̀ ní 1894: ohun tó bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lórí ilẹ̀ lónìí náà ni a óò bá lórí ara wọn nínú ilẹ̀, bí etíkun bá ti ń sún. Ọ̀sà wà lẹ́yìn etíkun. Bí ẹ bá wá rí ẹrẹ̀ ọ̀sà lábẹ́ yanrìn etíkun, etíkun ti sún wọlé gun ọ̀sà lórí. Níbi tí òkun ti ń jẹ ilẹ̀ gidigidi, ẹrẹ̀ yẹn lè yọ sí ojú òkun, pẹ̀lú kùkùté igi ẹ̀gbà nínú rẹ̀, igi tó jẹ́ pé inú omi tó dákẹ́ ló ti ń hù. Kùkùté ẹ̀gbà tí ìgbì òkun ń lù: kò sí ẹ̀rí tó ju ìyẹn lọ.

Ibi tí ọyẹ́ kì í ti dá nǹkan padà

Bí a bá tẹ̀ lé yanrìn kọjá ìlú Lẹ́kí, a óò wọ ilẹ̀ Ìlàjẹ ní ìpínlẹ̀ Oǹdó. Bí a bá kọjá Àràròmí níbẹ̀, ìrìn-àjò náà parí. Etíkun di ẹrẹ̀. Láti ibẹ̀ lọ títí dé ẹnu Odò Benin, yanrìn fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí. Kòtò jíjìn wà lábẹ́ òkun ní apá ibẹ̀, àwọn onímọ̀ kan sì gbà pé inú rẹ̀ ni yanrìn láti ìwọ̀-oòrùn ń já sí.

Etíkun Ayétòrò, ìlú kan nílẹ̀ Ìlàjẹ, kò hó bíi ti Àgbádárìgì. Ẹrẹ̀ tó rọ̀ ń gbé agbára ìgbì mì, ìgbì á dé létí ilẹ̀ bí ẹni tó ti rẹ̀. Ẹni tó bá gbọ́ ìdákẹ́jẹ́ yẹn á rò pé ibẹ̀ ló láàbò jù. Ayétòrò, tí wọ́n tẹ̀ dó ní 1947, tí òkìkí rẹ̀ kàn nígbà kan, ti pàdánù ilé, ilé ìsìn àti ibojì sínú òkun.

Filip Hjulström ará Sweden fi hàn ní 1935 pé amọ̀ tó ti dì le é hú ju yanrìn lọ, nítorí pé horo rẹ̀ ń lẹ̀ mọ́ra wọn. Ṣùgbọ́n tí omi bá ti hú u pẹ́nrẹ́n, kò ní balẹ̀ mọ́ bọ̀rọ̀. Horo yanrìn wẹ́wẹ́ tó jẹ́ 0.1 mìlímítà máa ń rì já mítà kan omi tó dákẹ́ láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú méjì. Horo amọ̀ tó jẹ́ 0.002 mìlímítà ń gba ọjọ́ mẹ́ta fún mítà kan náà. Ọ̀rọ̀ bàbá Àgbádárìgì kò sì ṣẹ ní Ayétòrò nítorí èyí. Yanrìn tí òkun kó lọ nígbà òjò wà nítòsí, ó ń dúró de ọyẹ́. Ẹrẹ̀ tó kó lọ ti bá omi lọ.

Mo bu ẹrẹ̀ Ayétòrò bọ̀ nínú ọ̀rá, mo pín in sí ìgò méjì lórí fèrèsé ilé ìdáná, mo fi yanrìn Àgbádárìgì sí ìkẹta. Omi ẹ̀rọ ni mo bu sí gbogbo wọn, ṣùgbọ́n mo da ṣíbí iyọ̀ méjì sí ọ̀kan nínú àwọn ẹlẹ́rẹ̀. Mo gbọn wọ́n pọ̀. Yanrìn ti rì sílẹ̀ kí n tó gbé ọwọ́ kúrò lára ìgò. Èyí tó ní iyọ̀, ẹrẹ̀ rẹ̀ dì pọ̀ kóró kóró, nígbà tó fi di àárọ̀ ó ti tòrò bí ògì, omi rẹ̀ mọ́ lókè. Nítorí iyọ̀ yìí ni ẹrẹ̀ odò ṣe máa ń rì níbi tí odò ti pàdé òkun.

Èyí tí kò ní iyọ̀ wà níbẹ̀, ó pọ́n bíi tíì tí wọ́n da mílíìkì sí. Lọ́jọ́ kejì, bákan náà. Lọ́jọ́ kẹrin, ìyàwó mi ní ṣé kí òun dà á nù, torí ó ń gba àyè. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó fi í sílẹ̀. Ìka méjì péré ló ti mọ́ lókè rẹ̀.